Ta Ló Rán Akéde Yìí? Ọ̀rọ̀ lórí Irọ́ Inú Fóònù àti Òfin Ìjọba

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àti gbogbo ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àgbà tí ẹ ń wá sí kíláàsì wa ní Ìdànrè, láti ìgboro títí dé abúlé oko kòkó, ẹ̀yin ni a ń bá sọ̀rọ̀.

Nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ ìwé, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín ní ẹ ń wá kò pọ̀. Ẹ ní ẹ fẹ́ mọ bí a ti ń kọ orúkọ yín. Ẹ ní ẹ fẹ́ ka ohun tí àwọn tó ń ra kòkó kọ sínú ìwé, kí wọ́n má baà rẹ́ yín jẹ. Ẹ ní ìtìjú ni kí àgbàlagbà máa fi àtàǹpàkò tẹ ìwé. Lónìí, ẹ ti kọjá ibẹ̀. Ẹ ń kàwé, ẹ sì ń kọ̀wé. A bá yín yọ̀.

Ṣùgbọ́n ìwé kíkà yìí ti mú ohun mìíràn wá tí a kò bá yín sọ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Púpọ̀ nínú yín kì í ra ìwé ìròyìn. Orí fóònù ni ẹ ti ń kàwé jù, lórí WhatsApp àti lórí Facebook. Nínú ohun tí ẹ ń kà níbẹ̀, òmíràn jẹ́ òtítọ́, òmíràn sì jẹ́ irọ́ pọ́ńbélé.

Ìdí nìyí tí ìbéèrè kan fi ń jáde lemọ́lemọ́ ní kíláàsì. Àwọn kan ń wí pé, "Ẹ̀yin tíṣà, ṣé kò yẹ kí ìjọba fi òfin dá irọ́ wọ̀nyí dúró ni?" Àwọn mìíràn ń dá wọn lóhùn pé, "Bí ìjọba bá di ẹni tó ń yan ohun tí a ó kà fún wa, ṣé kò ní dí wa lẹ́nu?" Ìbéèrè méjèèjì ló dára. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan, lẹ́yìn náà a ó sọ ibi tí àwa dúró sí.

AKÉDE TÍ A MỌ̀ ÀTI AKÉDE TÍ A KÒ MỌ̀

Láyé àtijọ́, bí Ọwá bá fẹ́ bá ìlú sọ̀rọ̀, akéde ni yóò rán. Akéde yóò lu agogo, yóò sì jíṣẹ́. Gbogbo wa mọ akéde. A mọ ilé rẹ̀, a mọ bàbá rẹ̀, a sì mọ ẹni tó rán an. Bí ọ̀rọ̀ náà kò bá yé wa, a lè lọ sí ààfin lọ béèrè. Bí akéde bá bù mọ́ iṣẹ́ tí a rán an, kò sí ibi tí yóò sá pamọ́ sí. Àwọn àgbà sì kọ́ ọ pé bí a bá rán ni ní iṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ.

Akéde inú fóònù kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ yín tó wà ní Àkúrẹ́ fi ọ̀rọ̀ kan ránṣẹ́ sí yín. Ẹ gba ọmọ yín gbọ́, ẹ sì gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọmọ yín ló kọ ọ́. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló fi ránṣẹ́ sí i. Ọ̀rẹ́ náà gbà á lọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹlòmíràn náà gbà á lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ rí. Bí ẹ bá tọpasẹ̀ rẹ̀ títí, ẹ kò ní bá ẹnikẹ́ni nídìí rẹ̀. Akéde tí kò ní ilé ni.

Ohun kan tún wà tó kan àwa tí a ń kọ́ni ní ìwé. Nígbà tí ìwé kò tíì pọ̀, ibi tí a ti ń rí ìwé kò ju ilé ìwé, ilé ìjọsìn àti kọ́ọ̀tù lọ. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá wí pé "Ó wà nínú ìwé," àríyànjiyàn ti parí nìyẹn. Lónìí, ẹnikẹ́ni tó bá ní fóònù lè kọ ohunkóhun. Kíkọ tí a kọ irọ́ sílẹ̀ kò sọ ọ́ di òtítọ́. Ẹni tó bá mọ ìwé kà tí kò sì mọ ìwé yẹ̀ wò, ìdajì ẹ̀kọ́ ló kọ́.

IRỌ́ LÈ PANI

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni èyí. Ẹ rántí ọdún 2014. Ní oṣù keje ọdún náà, àrùn Ebola bá ọkọ̀ òfurufú wọ Èkó láti Làìbéríà. Ẹ̀rù ba gbogbo wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, ọ̀rọ̀ kan gba orí fóònù káàkiri Nàìjíríà, pé kí olúkúlùkù fi omi iyọ̀ wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ó sì mu nínú rẹ̀, Ebola kò ní lè ràn án. Àwọn ènìyàn ń pe ara wọn lóru. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń pe bàbá ní abúlé. Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ètò ìlera kéde pé irọ́ ni, pé omi iyọ̀ kì í wo Ebola. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti délé kí ìkéde tó dé. Àwọn ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ẹni méjì kú ní ìlú Jos nítorí omi iyọ̀ tí wọ́n mu, a sì gbé àwọn mìíràn lọ sí ilé ìwòsàn. Ebola kò dé Jos rárá. Irọ́ ló dé ibẹ̀.

Kì í ṣe pé fóònù ló bí irọ́. Ní 1990, ahesọ gba Èkó pé àwọn kan ń fi ọwọ́ kan ọkùnrin, nǹkan ọmọkùnrin rẹ̀ á sì pòórá. Wọ́n lu aláìṣẹ̀ ní ìlùkulù láàárín ọjà. Kò sí WhatsApp nígbà náà. Ní 2023, irú ahesọ bẹ́ẹ̀ tún bẹ́ sílẹ̀ ní Àbújá, àwọn ọlọ́pàá sì mú àwọn tó pariwo irọ́ náà lé ènìyàn lórí. Ohun tí fóònù fi kún un ni ìyára. Irọ́ tó ń fi ẹsẹ̀ rìn tẹ́lẹ̀ ti wá ń fò.

Ẹ jẹ́ kí a mú ọ̀rọ̀ náà wálé sí Ìdànrè. Ní 1986 ni ìjọba tú Bọ́ọ̀dù Kòkó ká. Láti ìgbà náà, kò sí bọ́ọ̀dù tó ń dá iye owó kòkó fún àgbẹ̀ mọ́. Ohun tí ọjà àgbáyé bá wí ni. Ní 2024, owó tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá 10,000 dọ́là ní ọjà New York, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí. Wàyí o, ká ní ẹnì kan kọ ọ́ sórí WhatsApp lálẹ́ òní pé owó kòkó yóò wó lulẹ̀ lọ́la, kí àgbẹ̀ yára tà. Ta ni yóò jèrè? Ṣé àgbẹ̀ tó sáré ta tirẹ̀ ní ìdajì owó ni, àbí ẹni tó ti gbé òṣùwọ̀n kalẹ̀ dè é? Ẹ rí i pé irọ́ kì í rìn lásán. Ẹnì kan sábà máa ń jẹ nídìí rẹ̀.

Nítorí náà, àwọn tó ń béèrè òfin kì í ṣe òmùgọ̀. Òótọ́ ni òwe tó ní irọ́ lè lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ṣùgbọ́n ẹni tí irọ́ ti pa kí òtítọ́ tó dé ńkọ́?

ÒFIN TI WÀ NÍLẸ̀

Àwọn kan rò pé kò sí òfin kankan. Òfin wà. Ó ti pẹ́ tí ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ilẹ̀ wa, ní abala 59, ti sọ pé ẹni tó bá tẹ ìròyìn irọ́ jáde, irú èyí tó lè da jìnnìjìnnì bo ará ìlú, tó sì mọ̀ pé irọ́ ni tàbí tó yẹ kí ó mọ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3.

Ní 2015, wọ́n ṣe òfin mìíràn nítorí ìwà ọ̀daràn orí kọ̀ǹpútà àti fóònù. Abala 24 nínú rẹ̀ ní ẹni tó bá fi irọ́ ránṣẹ́ láti fi bí ẹlòmíràn nínú, láti fi bú u, tàbí láti fi kó àníyàn bá a, lè san tó mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí méjèèjì. Ẹ wo òfin náà dáadáa. Kò dúró lórí ìpalára nìkan. Ó kan bíbí ènìyàn nínú pẹ̀lú. Ta ni kì í bínú bí a bá sọ̀rọ̀ rẹ̀? Ẹni tó bá ní ipò ní í sábà bínú jù, òun náà sì ni ọlọ́pàá máa ń tètè dá lóhùn. Wọ́n mú àwọn oníròyìn lábẹ́ abala yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2022, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní abala náà tẹ ẹ̀tọ́ ènìyàn mọ́lẹ̀, pé kí Nàìjíríà tún un ṣe. Ní 2024, wọ́n tún un ṣe. Wọ́n yọ ọ̀rọ̀ bíbíni nínú àti èébú kúrò. Wọ́n wá fi í sórí irọ́ tí ènìyàn mọ̀ pé irọ́ ni, tó sì fi ránṣẹ́ kí ìlú lè dàrú tàbí kí ẹ̀mí lè wà nínú ewu. Àtúnṣe náà dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn oníròyìn ṣì ń ké pé àwọn ọlọ́pàá kan kò tíì jáwọ́.

Láàárín kan náà, ní oṣù kọkànlá ọdún 2019, àbádòfin kan dé Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà, èyí tí àwọn ènìyàn ń pè ní àbádòfin sọ́ṣíà mídíà. Ó ní ẹni tó bá tan irọ́ kálẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè san 300,000 náírà tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ìyẹn nìkan kọ́. Ó fún àwọn ọlọ́pàá ní agbára láti wí pé ọ̀rọ̀ kan jẹ́ irọ́, kí wọ́n ní kí a yọ ọ́ kúrò, kí wọ́n sì ní kí a ti ọ̀nà mọ́ ibi tó ti jáde. Ariwo pọ̀ lórí rẹ̀ káàkiri, àbádòfin náà kò sì di òfin.

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ̀yin ará wa. Gbogbo wa gbà pé irọ́ kò dára. Ìbéèrè tó kù ni pé: ta ni yóò máa sọ fún wa pé èyí ni irọ́, èyí ni òtítọ́?

NÍGBÀ TÍ ÌJỌBA NÌKAN BÁ DI ADÁJỌ́

A ti rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ìjọba bá gba iṣẹ́ náà mọ́ra. Ẹ jẹ́ kí a sọ mẹ́ta.

Èkínní. Ní 1984, ìjọba ológun ṣe òfin kan tí a ń pè ní Decree 4. Òfin náà lè fi ìyà jẹ ẹni tó kọ irọ́. Ó tún lè fi ìyà jẹ ẹni tó kọ ohun tó kó ìtìjú bá ìjọba tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba, bó tilẹ̀ jẹ́ òtítọ́. Wọ́n mú àwọn oníròyìn méjì láti ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn The Guardian, Tunde Thompson àti Nduka Irabor. Ohun tí wọ́n kọ kò ju àwọn tí ìjọba fẹ́ rán lọ ṣe aṣojú ní ilẹ̀ òkèèrè lọ. Wọ́n fi wọ́n sẹ́wọ̀n ọdún kan. Nígbà tí ìjọba mìíràn gorí oyè ní 1985, wọ́n pa òfin náà rẹ́. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀wọ̀n ti ṣe é ná.

Èkejì. Ní oṣù kẹfà ọdún 2021, Twitter, èyí tí a ń pè ní X báyìí, yọ ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Muhammadu Buhari kọ kúrò. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pé àwọn ti Twitter pa ní Nàìjíríà. Wọ́n ní àwọn kan ń lò ó láti fi ba ìṣọ̀kan ilẹ̀ wa jẹ́. Orí Twitter náà ni wọ́n sì ti kéde rẹ̀! Ó wà ní títì fún oṣù méje, títí di ọjọ́ 13 oṣù kìíní ọdún 2022. Ẹni tó ń purọ́ níbẹ̀ kò rí ọ̀nà. Ẹni tó ń tajà níbẹ̀ kò rí ọ̀nà. Ẹni tó ń wá ẹ̀jẹ̀ fún aláìsàn níbẹ̀ kò rí ọ̀nà. Ní oṣù keje ọdún náà, Ilé Ẹjọ́ ECOWAS ní ohun tí ìjọba ṣe kò bá òfin mu. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Ẹ̀kẹta ló yẹ kí a fọkàn sí jù lọ. Ní 2003, ahesọ kan ràn ní apá Àríwá, pé oògùn àjẹsára tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu nítorí àrùn rọpárọsẹ̀ yóò sọ àwọn ọmọbìnrin di àgàn. Irọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló dá ètò àjẹsára náà dúró ní Kánò? Ìjọba ìpínlẹ̀ Kánò fúnra rẹ̀ ni. Ó dá a dúró fún oṣù púpọ̀, títí di 2004. Àrùn náà ràn kúrò ní Nàìjíríà dé àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn tí ó ti kúrò tẹ́lẹ̀. Ó di oṣù kẹjọ ọdún 2020 kí Áfíríkà tó gba ìwé ẹ̀rí pé kòkòrò àrùn rọpárọsẹ̀ tí ń rìn káàkiri fúnra rẹ̀ ti kúrò ní ilẹ̀ wa.

Ẹ ronú sí i. Ká ní òfin kan wà ní 2003 tó sọ pé ìjọba ni yóò máa sọ ohun tó jẹ́ irọ́. Ta ni wọn ì bá mú ní Kánò? Dókítà tó ń wí pé oògùn náà dára ni wọn ì bá mú, wọn ì bá sì pè é ní òpùrọ́.

Ẹ tún béèrè ìdí tí àwọn ènìyàn Kánò fi gba ahesọ náà gbọ́. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń pa àwọn ọmọdé níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Pfizer wá dán oògùn tuntun kan wò lára àwọn ọmọ. Àwọn ọmọ kan kú, ẹjọ́ sì wà nílẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Àwọn òbí ní a kò ṣàlàyé fún àwọn tó. Ẹni tí a kò bá sọ òtítọ́ lánàá, ó ṣòro kí ó gba òtítọ́ tí a sọ fún un lónìí. Ibi tí ìfọkàntán ti kú ni ahesọ ti ń rí ilé gbé.

IBI TÍ ÀWA DÚRÓ SÍ

Ohun tí àwa gbà nìyí. A kò ní kí ìjọba ká ọwọ́ gbera. A kò sì ní kí ìjọba di olúkọ́ gbogbo wa, tí yóò máa fa igi lé ohun tí kò bá wù ú. Ohun márùn-ún ni a fẹ́.

Èkínní, kí òfin mú ẹni tó mọ̀ pé irọ́ lòun ń pa, tó sì pa á kí ó lè ṣe ènìyàn léṣe: ẹni tó pariwo lé aláìṣẹ̀ lórí, ẹni tó ta oògùn òfégè, ẹni tó fi irọ́ dá ìjà ẹ̀yà sílẹ̀. Kí òfin má ṣe mú ìyá arúgbó tó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ nítorí ìfẹ́, tí kò mọ̀ pé irọ́ ni. Àṣìṣe yàtọ̀ sí irọ́. Èébú tí a bú olóyè náà yàtọ̀ sí irọ́.

Èkejì, kí adájọ́ dájọ́, kì í ṣe ọlọ́pàá, kì í ṣe mínísítà. Àwọn baba wa tó gbé orí Òkè Ìdànrè mọ èyí. Ààfin àtijọ́ wà lókè níbẹ̀ dòní, kọ́ọ̀tù àtijọ́ náà wà níbẹ̀. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Bí ìjọba bá jẹ́ ẹni tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀, kò yẹ kí ìjọba náà tún jẹ́ ẹni tí yóò dá ẹjọ́ náà.

Ẹ̀kẹta, kí a má ṣe ti ọ̀nà mọ́ gbogbo ìlú nítorí olè kan.

Ẹ̀kẹrin, kí ìjọba fúnra rẹ̀ máa tètè sọ òtítọ́. A mọ̀ pé ẹnì kan yóò wí pé, "Tíṣà, kọ́ọ̀tù ń falẹ̀. Kí adájọ́ tó jókòó, irọ́ á ti pa ènìyàn." Òótọ́ lẹ sọ. Kọ́ọ̀tù kò lè sáré bá irọ́. Òtítọ́ tó tètè jáde láti ẹnu ẹni tí a fọkàn tán nìkan ló lè bá a. Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ Ebola. Kí ló borí rẹ̀ ní 2014? Kì í ṣe pé wọ́n mú àwọn oníyọ̀ sí àtìmọ́lé. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera wá àwọn tó ti fara kan aláìsàn, nǹkan bí 900 ènìyàn. Wọ́n lọ sí ilé wọn ní nǹkan bí 18,500 ìgbà. Wọ́n jókòó, wọ́n ṣàlàyé, wọ́n sì gbọ́ ìbéèrè. Ẹni 20 ló ní àrùn náà ní Nàìjíríà, ẹni 8 sì kú. Dókítà Ameyo Adadevoh tó kọ̀ láti jẹ́ kí aláìsàn àkọ́kọ́ kúrò ní ilé ìwòsàn wà lára wọn. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹwàá ọdún náà, Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kúrò ní ilẹ̀ wa. Bákan náà, bí ìjọba bá ń kéde iye owó kòkó lórí rédíò lójoojúmọ́ ní èdè tí àgbẹ̀ gbọ́, irọ́ nípa owó kòkó kò ní rí ẹni tí yóò tàn jẹ.

Ẹ̀karùn-ún, kí àwọn ilé iṣẹ́ tó ni ìkànnì wọ̀nyí náà gbé ẹrù tiwọn. Ní 2018, irọ́ orí WhatsApp nípa àwọn gbọ́mọgbọ́mọ mú kí àwọn èrò pa ènìyàn tó lé ní 20 ní ilẹ̀ Íńdíà. Lẹ́yìn náà, ní 2019, WhatsApp ṣe é kí ẹnikẹ́ni má lè fi ọ̀rọ̀ tí a fi ránṣẹ́ sí i ránṣẹ́ sí ibi tó ju márùn-ún lọ lẹ́ẹ̀kan. Ní 2020, wọ́n dín ti ọ̀rọ̀ tó bá ti rìn káàkiri kù sí ibi kan ṣoṣo. Ẹ ṣàkíyèsí pé wọn kò dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu, wọn kò sì ka ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n kàn dín eré rẹ̀ kù ni. Irú òfin bẹ́ẹ̀, tí yóò mú kí ilé iṣẹ́ dín eré irọ́ kù láìdí ènìyàn lẹ́nu, ni kí ìjọba máa wá.

IṢẸ́ TIWA

Bí ìjọba tilẹ̀ ṣe gbogbo èyí, iṣẹ́ kan kù tí kò sí ìjọba tó lè bá wa ṣe é. Àwa ni à ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Irọ́ kò ní ẹsẹ̀ bí kò ṣe ìka tiwa.

Ẹ má sì rò pé ẹni ńlá kì í ṣìnà. Ní oṣù kẹta ọdún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà ń jà, Donald Trump tó jẹ́ ààrẹ Amẹ́ríkà yin oògùn chloroquine lójú gbogbo ayé. Kò pẹ́ rárá tí àwọn aláṣẹ ìlera ní Èkó fi kéde pé àwọn tó lo oògùn náà ju bó ṣe yẹ lọ ti ń dé ilé ìwòsàn. Ní àkókò tiwa yìí, ẹ̀rọ ti lè sín ohùn ènìyàn jẹ, ó sì lè ya àwòrán ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí.

Nítorí náà, bí ọ̀rọ̀ kan bá dé orí fóònù yín, kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ẹ bi í ní ìbéèrè mẹ́rin.

Èkínní: Ta ló rán akéde yìí? Bí kò bá sí orúkọ, tàbí bí ó bá wí pé "dókítà kan" láìsọ dókítà wo, ẹ dúró ná.

Èkejì: Ìgbà wo ló ṣẹlẹ̀? Àwòrán ìjà ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn lè padà wá bí ẹni pé àná ni.

Ẹ̀kẹta: Ta ni yóò jèrè bí mo bá gbà á gbọ́? Ẹ rántí àgbẹ̀ kòkó.

Ẹ̀kẹrin: Ta ni mo lè bi? Bí ó bá jẹ́ ti àìsàn, ẹ bi nọ́ọ̀sì. Bí ó bá jẹ́ ti ìlú, ẹ ránṣẹ́ sí ààfin. Bí ó bá jẹ́ ti kòkó, ẹ bi ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀. Bí kò bá sí ẹni tó mọ̀, ẹ pa á mọ́ra. Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, kì í ṣe é kó.

Bí ẹ bá sì rí i pé ohun tí ẹ ti fi ránṣẹ́ jẹ́ irọ́, ẹ má tijú. Ẹ padà sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tí ẹ fi ránṣẹ́ sí, kí ẹ ní, "Ohun tí mo fi ránṣẹ́ lánàá kì í ṣe òótọ́. Ẹ pa á rẹ́." Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ kò sọ iyì rẹ̀ nù. Àwọn ènìyàn yóò túbọ̀ fọkàn tán an ni.

Ní ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù yín mú ọ̀rọ̀ kan wá láti inú fóònù rẹ̀, irú èyí tí kò dá a lójú. A ó kọ ọ́ sójú pátákó. Ẹ̀yin ni yóò kà á, ẹ̀yin náà ni yóò sì bi í ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí. Tíṣà yóò jókòó sẹ́yìn, yóò máa gbọ́.